Bàbá Àgbà Onímọ́tò

Irú bàbá àgbà kan wà tí wọ́n mọ̀ dáadáa ládùúgbò Ifo, Mowe àti Ibafo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn: bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, tí ìrìn-àjò rẹ̀ kò kọjá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí mọ́, ṣùgbọ́n tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni tó ń ṣí ìsọ̀. Á fa ọ̀pá òróró yọ, á fi àkísà nù ún, á dá a padà, á tún fà á yọ, á wá gbé e sókè sí oòrùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, á tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé bàbá ti jí. Tó bá di ọjọ́ ìsinmi, ọmọ-ọmọ mẹ́jọ ni yóò kó sínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún èèyàn márùn-ún, yóò gbé wọn yí àdúgbò ká, yóò ra àkàrà fún wọn, yóò sì máa bá aláàkàrà ṣẹ̀fẹ̀ títí inú yóò fi bí àwọn oníbàárà tó wà lẹ́yìn. Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá kú, mọ́tò ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ẹbí, kó tó wá kan ilé tó kọ́ tàbí oyè tó jẹ.

Kì í ṣe dandan kí irú wọn jẹ́ olówó. Òmíràn ṣe tíṣà, òmíràn ṣiṣẹ́ rélùwéè, òmíràn wa lọ́rì sìmẹ́ńtì láti Ewékorò, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà láti 1960. Òmíràn jẹ́ oníṣòwò obì tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ nítorí ọjà, kó tó di pé ọkọ̀ gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé mọ́tò bá wọn lọ́mọdé, nígbà tí ìró ọkọ̀ kan ṣoṣo ṣì lè kó abúlé kan jáde. Ẹni tó bá ti sáré tẹ̀lé èéfín mọ́tò lọ́mọ ọdún mẹ́fà, èéfín náà kì í tètè kúrò lórí rẹ̀.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ìyàlẹ́nu ìgbà náà. Ọkọ̀ tí àwọn baba ńlá mọ̀, orí omi ló ń rìn: igi gbígbẹ́ ni, wọ́n ń fi àjẹ̀ tàbí ọ̀pá tù ú lórí ọ̀sà àti lórí odò Ògùn. Nígbà tí irin ẹlẹ́ńjìnnì dé, wọn kò wá orúkọ jìnnà. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ òfúrufú. Ìkíni awakọ̀ pàápàá, “Ọkọ̀ á refò o,” ó bá atukọ̀ mu ju awakọ̀ lọ. Ọkọ̀ kékeré tí kì í pariwo bíi lọ́rì di ayọ́kẹ́lẹ́, nítorí yíyọ́ ló máa ń yọ́ báni. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń dún pù-pù-pù di alùpùpù. Èyí tó ń dán gbinrin, tí gbajúmọ̀ gbé wọ̀lú, di bọ̀gìnnì. Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ di Ìjàpá, àwọn mìíràn sì ń pè é ní Ahun. Mercedes kan tó gùn, tó ń dán bí ara ẹja, wọ́n ní Ọ̀bọ̀kún ni. Nígbà tó yá tí ọkọ̀ àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í ti Yúróòpù dé, wọ́n fún un lórúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tó padà wálé: Tòkunbọ̀. Orúkọ àbísọ gidi ni o, bí ẹni pé wọ́n pe àwọn àgbà jọ láti kó mọ́tò jáde.

Ifo ti mọ ìró ẹ̀rọ kí mọ́tò tó dé. Rélùwéè tó gbéra láti Ìdó ní Èkó gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ní ìparí ọ̀rúndún 19, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó yá, wọ́n fa ẹ̀ka kan láti Ifo lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò, ìyẹn ló sọ ìlú náà di oríta ọkọ̀ ojú irin. Mọ́tò kọ́kọ́ dé bí ìránṣẹ́ rélùwéè: ojú títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, tí wọ́n là ní nǹkan bí 1906, wà fún kíkó èrò àti ẹrù wá bá ọkọ̀ ojú irin. Kò pẹ́ tí ìránṣẹ́ fi di ọ̀gá. Ní Èkó, William Akínọlá Dáwódù, tó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Hussey, bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́ ológeere, ó sì wà lára àwọn adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó ń kó mọ́tò wọlé, tó ń tà á, tó sì ń tún un ṣe. Ní Ìbàdàn, Sàlámì Àgbájé, oníṣòwò ńlá tó kú ní 1953, wà lára àwọn ọmọ ìlú tó kọ́kọ́ ní ọkọ̀ tiwọn, ó sì fi lọ́rì ṣòwò. Bọ́ọ̀sì Zarpas, tí ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì kan dá sílẹ̀, ni àwọn ará Èkó ń wọ̀ kiri títí ìgbìmọ̀ ìlú fi rà á ní 1958. Àwọn obìnrin pẹ̀lú kò gbẹ́yìn: Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta ni wọ́n máa ń kà sí obìnrin àkọ́kọ́ tó wakọ̀ ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà owó orí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rántí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ bàbá àgbà wọ̀nyí lọ ni lọ́rì bọ́lẹ̀kájà. Orí, ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ nìkan ni òyìnbó ń kó wá, bíi Bedford àti Austin. Káfíńtà ilẹ̀ yìí ló ń fi pákó kan ara rẹ̀. Wọ́n á to àga pákó sínú rẹ̀, èrò á jókòó kojú ara wọn, orúnkún á kan orúnkún, ewúrẹ́ á wà lábẹ́ àga. Ìjà kì í jìnnà sí irú ibẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ á ní kí ẹnì kejì bọ́ sílẹ̀ kí àwọn jà. Orúkọ ọkọ̀ jáde látinú asọ̀. Òwe, àdúrà àti èébú fún ọ̀tá ni àwọn akunlé ń kọ sí pákó iwájú, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́. Ohun tó wà lára pákó ni wọ́n ń pè é títí dọjọ́ ikú. Títí di òní, ó ṣì kù ní agbo ilé mìíràn tí oríkì ọmọ-ọmọ ní orúkọ lọ́rì nínú.

Ọmọ tó bá fẹ́ di awakọ̀ á kọ́kọ́ ṣe mọ́tò-bọ́ì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń dúró sí, ìtì igi kan tí wọ́n gé ní ẹ̀gbẹ́ kan sì ni ohun ìjà rẹ̀. Bí lọ́rì bá ń gun òkè, tí agbára rẹ̀ fẹ́ẹ̀ tán, ọmọ á bẹ́ sílẹ̀, á sì ti igi náà sábẹ́ táyà ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má baà padà sísàlẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, ọkọ̀ lọ. Bó bá yá jù, ọwọ́ lọ. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lè kọjá kí ọ̀gá tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ìdarí ọkọ̀, lálẹ́, nínú gáréèjì, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti pa.

Ohun tí àwọn ọmọ-ọmọ kì í fẹ́ gbà gbọ́ ni bí wọ́n ṣe ń ṣíná ọkọ̀ láyé ìgbà yẹn. Kò sí pé èèyàn ń yí kọ́kọ́rọ́. Irin gígùn kan tó tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n ń kì bọ ihò lábẹ́ rédíétọ̀, òun ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì. Mímú irin yẹn dání nìkan jẹ́ ẹ̀kọ́. Ọmọ tó bá gbá a mú bí ẹni gbá ọmọ odó mú, tí àtàǹpàkò rẹ̀ lọ́ sí òdìkejì, ọ̀gá á gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà lápá kan náà pẹ̀lú ìka mẹ́rin yòókù, wọ́n sì ń fa irin náà sókè ni, wọn kì í tì í sísàlẹ̀. Ìdí ni pé iná púlọ́ọ̀gì lè ṣẹ́ kí písítìnnì tó gòkè tán. Bí epo bá gbiná nígbà yẹn, ẹ́ńjìnnì á ta padà sẹ́yìn, irin á sì gba ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Bí àtàǹpàkò bá wà níbi tó yẹ, irin á fò kúrò lọ́wọ́. Bó bá lọ́ mọ́ irin, egungun ni yóò dá. Ọ̀pọ̀ bàbá tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọ́ díẹ̀ bó bá ń gbé ife ẹmu sẹ́nu, kì í ṣe ojú ogun ló ti gba ọgbẹ́ náà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Igbe 1972, tó bọ́ sí ọjọ́ Àjíǹde, gbogbo Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Títí di ọjọ́ yẹn, bí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń wakọ̀ ni wọ́n ń wà á níbí, nígbà tí Dàhòmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń wà á bíi ti Faransé. Ìtàn ọjọ́ yẹn kì í tán lẹ́nu àwọn bàbá onímọ́tò. Ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́tùn-ún kò parẹ́ lóru ọjọ́ kan. Awakọ̀ wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò, kò rí ohun tó ń bọ̀ níwájú bó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bá a wò ó. Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì tó wà lápá òsì wá ń ṣí sí àárín títì. Bàbá àgbà tó bá ti mu díẹ̀ á dìde láti fi àga méjì àti àwo ọbẹ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ayọ́kẹ́lẹ́ wá sún mọ́ òṣìṣẹ́ lásán. Owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù dé ọwọ́ àwọn tíṣà àti akọ̀wé, owó ẹ̀yìn sì tẹ̀lé e. Ní 1975 yẹn kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kaduna, wọ́n sì ń to Volkswagen pọ̀ ní Ọ̀jọ́, Èkó. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ Raleigh lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún tó kọjá wá ń gbé Ìjàpá. Ìjàpá bá ojú ọ̀nà ilẹ̀ yìí mu fún ìdí kan tó rọrùn: kò ní rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, nítorí náà kò sí omi tí yóò hó nínú oòrùn ọ̀sán. Pijó 504 ní tirẹ̀ ga nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kòtò kò sì dẹ́rù bà á. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn di ọkọ̀ èrò fún ìrìn-àjò jíjìn. Àríyànjiyàn Ìjàpá àti Pijó ba ọ̀rẹ́ jẹ́ ju ọ̀rọ̀ òṣèlú lọ, ìdájọ́ kò sì tíì jáde.

Etí ni olùfẹ́ mọ́tò fi ń mọ ọkọ̀, ojú kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Bí ẹ́ńjìnnì tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bá ń mísì, bàbá kò ní ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Yóò jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, yóò fi àkísà gbígbẹ di ọwọ́, yóò sì máa fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fà yọ tí ìró ẹ́ńjìnnì sì yí padà, ara rẹ̀ le. Èyí tó bá fà yọ tí ìró náà kò yàtọ̀, ibẹ̀ ni aláìsàn wà. Tápẹ́ẹ̀tì tó nílò àtúnṣe á máa dún ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́ bí aago ara ògiri. Ìró tó dẹ́rù ba gbogbo wọn ni èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ dún wúwo, bí ẹni ń fi òòlù gbá ilẹ̀kùn látinú: ìyẹn ni wọ́n ń pè ní nọ́ọ̀kì, ẹ́ńjìnnì tó bá sì ti nọ́ọ̀kì, owó ńlá ti wọ̀ ọ́. Láàárọ̀ kùtù, bàbá á fa ṣọ́ọ̀kì jáde, torí epo kì í tètè di ooru nígbà òtútù, ó sì pọn dandan kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ kù kí epo lè pọ̀ nínú àdàlù. Bó bá gbàgbé láti tì í padà, èéfín dúdú á bo ọmọ tó ń gbálẹ̀, ìyá àgbà á sì sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ. Nípa ọkọ̀ tó gbóná, òfin wọn kò yí padà: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ń hó, nítorí irin tó gbóná lè sán bí àwo. Wọ́n á wá abẹ́ igi, wọ́n á jẹ obì, wọ́n á dúró.

Mowe àti Ibafo kò sí lẹ́nu àwọn onímọ́tò bí wọ́n ṣe wà lónìí. Ẹni tó bá ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn láyé ìgbà yẹn á gba Ifo àti Abẹ́òkúta, tàbí kó gba Ìkòròdú àti Ṣágámù, lójú títì tóóró tí lọ́rì méjì kì í fi bẹ́ẹ̀ rọgbọ pàdé. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 127, ó sì gba àárín oko Ọ̀bafẹ́mi-Owódè kọjá. Fún bàbá tó ti fi ọdún mẹ́wàá sá kòtò, ojú títì tó tẹ́jú, tí ẹnikẹ́ni kì í kọjú sí i bọ̀, bí àsè ni. Àwọn kan wà tó ń jáde lọ́jọ́ ìsinmi láìní ibì kankan tí wọ́n ń lọ. Wọ́n kàn fẹ́ rí ibi tí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n eré lè dé. Nígbà tó yá, ilẹ̀ gbówó lórí l'Ékòó, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra púlọ́ọ̀tì ní Ibafo àti Mowe, àwọn ilé ìjọsìn ńlá náà tẹ̀dó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, oko di ìlú. Ọ̀nà tí bàbá ti ń sáré fún fàájì wá di ibi tí ọmọ rẹ̀ ń fi wákàtí mẹ́ta jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, pàápàá nígbà iṣẹ́ àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013.

Kò yẹ kí ìrántí bo ẹ̀jẹ̀ tó ti ta sójú ọ̀nà yẹn mọ́lẹ̀. Eré àsápajúdé pa ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn olùfẹ́ mọ́tò sì wà lára wọn. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta tó kọ eré The Road ní 1965 lórí ayé àwọn awakọ̀ lọ́rì, kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ìwé. Ó bá wọn dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀, FRSC, sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́.

Láàárín àwọn ọdún 1980, náírà ṣubú, mọ́tò tuntun bọ́ kúrò lọ́wọ́ tíṣà. Tòkunbọ̀ ló kù, tí wọ́n ń kó gba Kùtọnú wọlé láti Sèmè àti Ìdìrókò, títí ìjọba fi fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé ní 2017. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ àtijọ́ wá di ohun tí wọ́n ń gẹ̀. Bàbá tó ra Ìjàpá pẹ̀lú owó Údójì kò lè ra òmíràn, nítorí náà ó ń lẹ ti ọwọ́ rẹ̀ ni: ilẹ̀kùn láti ara ọkọ̀ kan, iná iwájú láti ara òmíràn, ẹ̀yà ara tí wọ́n rà ní ọjà Ládípọ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ní gáréèjì bàbá onímọ́tò, àkísà náà wà nínú báàgì, nínú agolo mílíìkì, lábẹ́ ibùsùn, nọ́ọ̀tì àti bóòtì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọkọ̀ tí wọ́n ti jáde wá, tí kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dà wọ́n nù.

Orúkọ Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ara odò wá, kì í ṣe ti òrìṣà onírin. Ohùn méjèèjì yàtọ̀. Síbẹ̀ Ògún ni àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì mọ̀ lọ́gàá. Lọ́jọ́ ọdún rẹ̀, gáréèjì á pa ajá, wọ́n á bu epo, wọ́n á da ẹmu sílẹ̀, wọ́n á sì so màrìwò mọ́ iwájú ọkọ̀. Ọkọ̀ tuntun pàápàá, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, omi nìkan kò sì tó o fọ̀: ọtí díẹ̀ á kan táyà, èyí tó pọ̀ jù á kan ọ̀fun àwọn tó wá báni yọ̀. Lónìí, àdúrà pásítọ̀ tàbí ti ààfáà ló gba ipò ajá nílé púpọ̀. Ọtí àti jọ̀lọ́ọ̀fù kò kúrò ní tiwọn. Mọ́tò tilẹ̀ gòkè dé orí eégún. Ní ilẹ̀ Yewa àti Kétu, níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń jó, àwọn agbẹ́gilére ti gbẹ́ alùpùpù àti ẹni tó gùn ún sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, pẹ̀lú imú tó gbé sókè bí ẹni tó mọ̀ pé gbogbo ọjà ń wo òun. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà ni UNESCO kà sí ogún ìran ènìyàn ní 2001. Yẹ̀yẹ́ ni àwòrán náà, ìyìn sì ni; ó ṣòro láti mọ ibi tí ọ̀kan ti parí.

Màrìwò tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ ayọ̀ ni wọ́n tún máa ń so mọ́ ọkọ̀ tó gbé òkú, kí àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Fún bàbá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ fẹ́ràn mọ́tò, ìrìn yẹn kì í dákẹ́. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ á tò tẹ̀lé e, wọ́n á tan iná ọ̀sán gangan, fèrè á máa dún láti iyẹ̀wù òkú dé ẹnu ọ̀nà ilé. Òkú àgbà ni, ẹkún kì í pọ̀. Àwọn ará Gáà ní Ghana gbé e ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Teshie, lẹ́bàá Accra, Seth Kane Kwei, káfíńtà tó kú ní 1992, ló sọ pósí onírúurú àwòrán di olókìkí: ẹja fún apẹja, kòkó fún àgbẹ̀, Mercedes fún ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ tàbí tó wù pé kó ní i. Wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí àfihàn ní Paris ní 1989. Ilẹ̀ Yorùbá kò gba àṣà yẹn wọlé, bóyá nítorí pé ìdílé kò ní gbà kí wọ́n ri mọ́tò mọ́lẹ̀, pósí ni àbí òun kọ́.

Ìṣòro máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìnáwó. Ọkọ̀ bàbá wà nínú ọgbà, gbogbo ọmọ ló fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣíná. Wọ́n á fi tapólì bò ó bí ẹni bo òkú, wọ́n á ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀. Ìdákẹ́ ló ń pa mọ́tò. Epo tó dúró pẹ́ á ṣú, á lẹ̀ bí oje igi, á sì dí ihò tín-ín-rín inú kábúrétọ̀. Bátìrì tí kò gba iná á kú láàárín oṣù díẹ̀. Táyà tó dúró lójú kan á tẹ́ lápá ìsàlẹ̀, èkúté á fi wáyà ṣe oúnjẹ, omi inú rédíétọ̀ á dá ìpẹtà sílẹ̀. Ìdílé tó bá fẹ́ kó wà láàyè gbọ́dọ̀ máa ṣíná rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí wọ́n sì gbé e rìn. Ṣíṣíná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó, nítorí òróró kò ní gbóná débi tí omi inú rẹ̀ yóò fi gbẹ. Bó bá jẹ́ pé yóò dúró fún ọdún kan, kí wọ́n fa epo rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n tú orí bátìrì, kí wọ́n sì gbé e sórí òkúta kí táyà má kanlẹ̀. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò nílẹ̀, kékeré kọ́ ni ìnáwó gbígbé e rìn náà.

Ohun tó ń tètè sọnù ju ọkọ̀ lọ ni ohun tó wà lọ́wọ́ bàbá: bó ṣe ń tẹ kilọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì kí jíà kejì tó wọlé, ibi tó ń fọwọ́ gbá kí iná ẹ̀yìn tó tàn, orúkọ mẹkáníìkì ní Ifo tó mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ìdílé kan ti ń lo fóònù báyìí láti ya àwòrán bàbá nígbà tó ṣì ń ṣe é, ohùn rẹ̀ àti ohùn ẹ́ńjìnnì pa pọ̀. Ìwé ọkọ̀ náà yẹ kó wà nípamọ́, nítorí ọmọ kò lè fi orúkọ òkú wakọ̀ lọ títí. Wọ́n gbọ́dọ̀ yí i sí orúkọ ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ìwé ọkọ̀, kí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó bi wọ́n.

Lọ́pọ̀ ilé, oníirin ló ń gbé e lọ níkẹyìn. Wọ́n á wọn irin rẹ̀, wọ́n á sanwó lórí ìwọ̀n, ó sì lè di ẹ̀yà ara ọkọ̀ mìíràn ní Owódè Onírin. Kí wọ́n tó fi ṣéènì fà á jáde, ẹnì kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ á ti mú sípánà, á tú nọ́ńbà iwájú, èyí àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú OG. Wọ́n á kàn án mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ fọ́tò tí bàbá ti wọ agbádá, tó tẹ fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.